Bó o ṣe máa kọ́ ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àti ààbò lọ́nà sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì

Tó o bá fẹ́ lọ kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, ìbéèrè ẹ ló máa kọ́kọ́ yí padà. Má dúró sórí "irú èèyàn wo ló ń jalè?", béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí. Lọ́dún 1979 Cohen àti Felson, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì kan ní Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí olè tó jà: ẹni tó fẹ́ jalè, nǹkan tó ṣeé gbé, àti àìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, olè ò ráyè mọ́. Àtìgbà tí mo ti mọ èyí, ojú tí mo fi ń wo fèrèsé àti géètì ti yàtọ̀ pátápátá.

Kó o tó fọwọ́ sí ilé ìwé kankan, wo kọ́ọ̀sì wọn fínnífínní. Criminology máa ń dá lórí òfin àti àwùjọ, forensic science ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtẹ̀ka, crime science ní tiẹ̀ ń wá bí nǹkan náà ò ṣe ní ṣẹlẹ̀ rárá, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Jill Dando Institute tí wọ́n dá sílẹ̀ ní University College London lọ́dún 2001. Tí kò bá sí statistics, ìyẹn ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò yẹ dátà wò, nínú kọ́ọ̀sì yẹn, jọ̀ọ́, wá ibòmíì.

Dátà wá ni iṣẹ́ gan-an o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n jà lólè kì í lọ sọ fún ọlọ́pàá, torí náà ìwé ọlọ́pàá nìkan ò tó, wá ìwádìí tí wọ́n ti bi àwọn aráàlú fúnra wọn léèrè mọ́ ọn. Wo aago tí wọ́n kọ pé olè jà dáadáa: ẹnì kan jáde nílé láago mẹ́jọ àárọ̀, ó dé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó bá ilẹ̀kùn ní fífọ́, aago wo lo máa kọ? Tó o bá kọ mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo olè máa jọ pé wọ́n ń jà, irọ́ sì ni. Tó o bá tún fi àmì sí ibi tólè ti jà lórí máàpù, tó o sì rí i pé àwọn àmì náà gbá jọ síbì kan, má tíì yọ̀, ó lè jẹ́ pé tí wọn ò bá mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àdírẹ́sì àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ìwà ọ̀daràn máa ń gbá jọ síbì kan. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1989 lórí Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, rí i pé nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 àdírẹ́sì ló fa ìdajì ìpè tí wọ́n ń pe ọlọ́pàá.

Tó o bá fẹ́ dán ọgbọ́n kan wò, bíi iná òpópónà, wá àdúgbò míì tó jọ ọ́ tí wọn ò fi iná sí, kó o fi wọ́n wéra ṣáájú àti lẹ́yìn, kó o sì wo àwọn òpópónà tó yí i ká bóyá ibẹ̀ lolè ṣí lọ. Kó o tó gbé máàpù ẹ síta, yọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé kúrò, torí ẹni tí wọ́n ti jà lólè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún lè padà wá bá a.