Bẹ́ẹ ṣe lè yí aláìsàn tí ò lè yí ara ẹ̀ padà, kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà dá egbò

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé pọ́dà yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ní kẹ́ẹ máa fi sípírítì ra ẹ̀yìn Dádì kẹ́ẹ wá da pọ́dà lé e, àwa nọ́ọ̀sì náà la kọ́ yín, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, àmọ́ sípírítì ń gbẹ awọ ara ni, tẹ́ẹ bá sì ń fọwọ́ ra ojú ibi tó ti ń bàjẹ́, ẹ tún ń dá kún un ni. Egungun ló ń tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá, ibẹ̀ á wá máa kú díẹ̀díẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin máa ń yí ẹ̀gbẹ́ lójú oorun láìmọ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ò lè ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe é.

Wákàtí méjì méjì ni. Ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, torí tí ọmọ mẹ́ta bá jọ ń tọ́jú bàbá kan, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti yí i.

Ẹ̀yin méjì lẹ máa ṣe é. Ẹ tẹ́ ìró sábẹ́ ẹ̀ láti èjìká dé itan, ẹ di ìró yẹn mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ kà á dé mẹ́ta kẹ́ẹ gbé e. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì fa apá tó ti rọ yẹn o, èjìká ẹ̀ lè yẹ̀. Kó má fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pátápátá, torí ìgbáròkó náà máa ń dá egbò, ẹ kàn yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi dígírì 30, kẹ́ẹ ki pílò sí i lẹ́yìn àti sáàárín orúnkún. Ẹ fi pílò míì sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kí ọwọ́ yín lè kọjá lábẹ́ ẹ̀. Gílọ́ọ̀fù tí wọ́n máa ń rọ omi sí, tí wọ́n á wá fi sábẹ́ gìgísẹ̀ yẹn, ò ṣiṣẹ́.

Tẹ́ẹ bá ti ń yí i, ẹ wo ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀, ìpàkọ́, àti ẹ̀yìn etí níbi tí rọ́bà ọ́síjìn gbà. Ibi tí egbò fẹ́ dá sí máa ń kọ́kọ́ pọ́n ni, àmọ́ àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n ò tètè hàn lára wa, torí náà ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, àbí ó le gbagidi? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì, kẹ́ẹ má sì jẹ́ kó fi ibẹ̀ sùn mọ́.

Tó bá jẹ́ rọ́bà imú ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ, ẹ yí i kó tó jẹun o, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kí orí ẹ̀ sì wà lókè fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kí oúnjẹ má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tó bá tọ̀ tàbí yàgbẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí ò le fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ fi Vaseline díẹ̀ sí i.

Àwọn tó rówó ra bẹ́ẹ̀dì tó ń fi iná fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ kú ìnáwó, àmọ́ ẹ ṣì máa yí i, tí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ, ó lè jò pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹ̀ kẹ́ẹ má mọ̀. Aago méjì òru lẹ máa ń gbàgbé jù, ẹ sẹ́ẹ̀tì àláàmù sórí fóònù ẹni méjì.