Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣàpèjúwe ibùdó ìtàn

Ibùdó ìtàn ni ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹbu aró kan, ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ kò fi nǹkan kan du òǹkọ̀wé. Àwọ̀ wà níbẹ̀, òórùn wà, ìró igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ kó lè dán wà, omi eérú tó ń ta ni lọ́wọ́ náà wà. Ibi tí nǹkan ti pọ̀ báyìí gan-an ni àpèjúwe ti máa ń bàjẹ́ jù.

Èyí tí mo ń rí jù ni ti ẹni tó ń to ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara tẹ̀ léra bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. "Mo rí ìkòkò aró. Mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Mo gbóòórùn èlú. Mo fọwọ́ kan aṣọ, ó tutù." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló ń gbóòórùn yẹn? Aláró tó ti wà nídìí ìkòkò láti kékeré kì í kíyè sí i mọ́, àfi tí òórùn náà bá yàtọ̀ sí ti àná, nítorí ó wà lára ohun tó fi ń mọ̀ pé aró ti kan tàbí pé ó ti bàjẹ́. Oníbàárà tó ti Èkó wá ni yóò fi ìborùn bo imú. Ìkòkò kan, imú méjì: ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí onímú náà pinnu ohun tí a óò gbọ́ àti ohun tí a óò fò.

Àṣìṣe kejì ni kí àfiwé máa gun ara wọn lórí. Òǹkọ̀wé a ní oòrùn ọ̀sán "gbóná bí iná àgbẹ̀dẹ, ó ń dán bí idẹ, ó jókòó lójú ọ̀run bí ọba lórí ìtẹ́." Alágbẹ̀dẹ, oníde àti ọba ti wọ ẹbu, aláró ti jáde. Ẹyọ kan tó, kó sì ti inú iṣẹ́ ẹni tó ń wò wá. Obìnrin tó ń fi ìko so aṣọ lè sọ pé sánmà so kókó. Àgbẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Àfiwé tí gbogbo ayé ti mọ̀ tún léwu ju èyí lọ, torí pé ó máa ń jẹ́ kí èèyàn purọ́ láìmọ̀. "Dúdú bí kóró iṣin" dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣàpèjúwe aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kò tíì wo aṣọ náà. Aṣọ tí a fi èlú pa láró kì í jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, ewé tó fẹ́ pọ́n; ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ló ń yí padà lójú ẹni, tí yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú dáadáa, wọ́n á tún un rì bọ inú ìkòkò, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Kò sí ohun tó tún dára tó ìyípadà yẹn nínú ẹbu, kóró iṣin sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ bi aláró.

Ẹ bi í ní ti àkókò pẹ̀lú. Ẹni tó kọ ìtàn òde òní tó sì kó èlú gígún àti ìkòkò amọ̀ kún un láìsí nǹkan mìíràn lè má tíì dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, rí. Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà tó rọ́pò omi eérú, ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, nínú bàsíà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ bọ́ lọ́wọ́ sódà. Ní 1936, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké Ladapo Ademola, tó ti fòfin dè é. Ìtàn tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn lè ní òórùn méjèèjì, kí ọ̀kan sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi pamọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìró àti ìrísí jáde, èdè wa lọ́rọ̀ púpọ̀, àwa la sì ń ná an ní ìnákúnàá. Bí gbà-gbà, gìrìgìrì, wàràwàrà àti yẹ́ríyẹ́rí bá pàdé nínú ìpínrọ̀ kan, etí òǹkàwé á di. Ẹ fi gbà-gbà igi aláṣọ sílẹ̀ kó dá ró. Ẹ sì fàmì ohùn sí i, ẹ jọ̀ọ́: ìkòkò tó rí ròbòtò tóbi, èyí tó rí róbótó kéré, ẹni tó bá kọ "roboto" lásán ti ní kí a máa méfò.

Ìfohunpènìyàn kò ní pẹ́. Kí afẹ́fẹ́ má ṣe máa kọrin, kí igi má sì máa jó, lọ́jọ́ tí ẹlẹ́bu ń sunkún ọmọ rẹ̀, àfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó dun òǹkàwé. Yìnyín tó ń bọ́ bí òwú lóṣù Kejìlá ní Abẹ́òkúta, mi ò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Àṣìṣe tó kù ni ti ẹni tó dá ìtàn dúró kó lè ṣàpèjúwe. Bí ọmọbìnrin kan bá ń sá fún olówó-èlé gba inú ẹbu kọjá, kò ráyè wo aṣọ tó ń yí àwọ̀ padà. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló kàn án, àti okùn ìsáṣọ tó fẹ́ gbà á lọ́rùn. Ìyókù lè dúró dìgbà tí yóò padà wá san gbèsè.