Wọ́n gé polyp tán, èsì ẹ̀ ló fẹ́ ya mí ní wèrè

Owó tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù ni mo kó dání láti Ìsánlú lọ Ìlọrin, àṣé owó kí wọ́n kàn wo inú ìfun lásán ni. Tí wọ́n bá rí polyp, ìyẹn ẹran kékeré tó máa ń hù sí ara ìfun nínú, owó gígé ẹ̀ ọ̀tọ̀, owó láàbù tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ọ̀tọ̀, kò sì sẹ́ni tó là á yé mi kí n tó débẹ̀. Èmi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún, tí polyp ṣì ń hù padà sí nínú, ṣé wọn ò mọ̀ pé wọ́n lè tún rí i ni? Ọmọ mi ló sáré fi owó ránṣẹ́. Inú bí mi gan-an.

Ti oògùn ìyàgbẹ́ tá a máa ń mu láti fọ ìfun kí wọ́n tó wò ó, àti ìlọ-bọ̀ ilé ìgbẹ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí ti mọ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà má mu zobo, torí pupa ẹ̀ máa ń jọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ẹ̀gúsí náà di ẹ̀yìn àyẹ̀wò.

Wọ́n rí i lóòótọ́. Wọ́n fi wáyà tó dà bí òrùka há a lọ́rùn, wọ́n gé e, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Orí mi wú, torí èyí tí wọ́n bá ti gé kúrò pátá ò ráyè di jẹjẹrẹ mọ́.

Wàhálà wá kù sí láàbù. Èmi fúnra mi ni wọ́n gbé ìgò kékeré náà lé lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n máa retí. Mo pè, wọ́n ní dókítà tó ń wò ó rìnrìn àjò, mo tún pè, wọ́n ní kò tíì jáde, nígbà tí mo wá fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, lẹ́yìn gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà yẹn, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kò sí orúkọ mi nínú ìwé àwọn! Polyp tí wọ́n gé lára mi! Bẹ́ẹ̀ láìsí èsì yẹn dókítà ò lè sọ ìgbà tí mo máa padà wá, torí irú polyp tó jẹ́, bó ṣe tóbi tó àti iye ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bíi tèmi, lẹ́yìn ọdún 1 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò ó, tó bá mọ́, ó di ọdún 3, lẹ́yìn náà ọdún 5, ṣùgbọ́n tèmi kì í mọ́ bọ̀rọ̀.

Mi ò kúrò níwájú ẹ̀. Mo ní kó fi nọ́ńbà orí risíìtì mi wá a, ibẹ̀ ló ti jáde, orúkọ bàbá mi ni wọ́n fi ṣe orúkọ mi. Adenoma ni, irú polyp tó lè di jẹjẹrẹ tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì tún bínú.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, màá ya fọ́tò ìgò àti fọ́ọ̀mù kí n tó fi sílẹ̀, màá sì béèrè owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò yín pẹ̀lú: ẹni tí ọmọ ìyá ẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun, ọdún 40 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, tàbí kó fi ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n ti rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá yá jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn, inú ò sì run àwọn. Èyí tí wọ́n gé lára mi yìí, kò dùn mí lọ́jọ́ kan.