Kẹ̀kẹ́ Raleigh Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Bà Á Jẹ́

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó. Owó kòkó ni àwọn baba fi rà wọ́n, orí wọn náà ni wọ́n ń di àpò kòkó lé. Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ ti ń gbé wọn jáde láti gùn, inú mi sì ń dùn sí i gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀dọ̀ apẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń gbà lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ Raleigh ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ èèyàn ló sì fa àwọn ìlà wúrà tín-ín-rín tí ẹ ń rí lára fírémù wọn àtijọ́. Bí sánpépà bá ti kọjá lórí wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nù ún, kí ẹ lè mọ ohun tó wà lábẹ́ eruku. Ẹ má fi tínà tàbí bẹntiróòlù kàn án, yóò ká àmì ilé-iṣẹ́ náà kúrò. Níbi tí irin tó ń dán bá ti dógùn-ún, ẹ ká fọ́ìlì ìdáná, ẹ rì í bọ omi, kí ẹ máa fi ra á díẹ̀díẹ̀. Fọ́ìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò ní ha á.

Àṣìṣe tó le jù lójú tèmi ni kí èèyàn rò pé ìtọ́jú túmọ̀ sí kí kẹ̀kẹ́ rí bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní Nottingham. Mo rí ọ̀kan lọ́nà Ìdànrè tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ bàbá tó ni ín sí mọ́gáàdì ẹ̀yìn, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti rọ kárìà irin tó nípọn sí i nítorí ẹrù kòkó. Ọmọ bàbá náà fẹ́ gé kárìà yẹn dànù kó lè fi ti ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.” Èèyàn lè rí ti ilé-iṣẹ́ rà. Èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ fún bàbá wọn ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà o. Bí ọ̀dà bá ti tán lára rẹ̀, tí mọ́gáàdì ti sọnù, tó ku fírémù nìkan, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó wù yín, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi de ohun tuntun mọ́ ọn, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Idẹ ni wọ́n yọ́ sí oríkèé àwọn fírémù yẹn, páìpù wọn sì fẹ́lẹ́. Iná wẹ́dà lè lu páìpù, ó sì lè tú oríkèé tó wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ rímù tún wà níbẹ̀. Torí pé táyà íǹṣì 28 ṣòro láti rí, àwọn kan ń fi rímù kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé sí i. Búréèkì àtijọ́ onírin gbọọrọ kì í di ẹ̀gbẹ́ rímù mú, abẹ́ rẹ̀ ló ń tì. Tí ẹ bá pààrọ̀ rímù láìro ti búréèkì, kẹ̀kẹ́ yín ò ní dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà 26: 26 × 1⅜ ti Raleigh jẹ́ mílímítà 590 níbi tí táyà jókòó sí, nígbà tí 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè jẹ́ 559. Wọn ò lè wọ ara wọn láé.

Kọ́tà, irin kékeré tó di apá pẹ́dà mú, náà ń jìyà lọ́wọ́ òòlù nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Ẹ ta epo sí i di ọjọ́ kejì, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú orí kọ́tà, kí tírẹ́ẹ̀dì má bàa fọ́. Ẹ wá fi páìpù tó dúró lórí ilẹ̀ gbé apá pẹ́dà náà ró lábẹ́, kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lágbára. Tí ẹ kò bá gbé e ró, àwọn bọ́ọ̀lù inú ni yóò jẹ ìyà òòlù náà. Ẹ má sì fi agbára wé ife tuntun, èyí tí àwọn bọ́ọ̀lù náà ń jókòó sí, sí ihò fírémù tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá: tírẹ́ẹ̀dì 26 nínú íǹṣì kan ni ọ̀pọ̀ Raleigh ní, 24 ni ti àwọn yòókù.

Ìjókòó aláwọ kò fẹ́ àdí púpọ̀, ńṣe ni yóò rọ̀ tí yóò sì tẹ̀ kọ̀ǹgọ̀. Tí kẹ̀kẹ́ bá ní gíà mẹ́ta ti ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer, epo tó ń ṣàn ni kí ẹ kán sí ihò tó wà lára họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe gírísì. Ẹ wo ara họ́ọ̀bù náà dáadáa pẹ̀lú, wọ́n sábà máa ń tẹ ọdún àti oṣù tí wọ́n ṣe é sí i.

Gbogbo ohun tí ẹ bá tú, títí dórí aago tí kò dún mọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ fi epo pa á, ẹ kó o sínú ike kan, kí ẹ gbé e síbi tí òjò ò lè dé.