Bí mo ṣe dín prednisolone kù láì jẹ́ kó ba ara mi jẹ́

Pemphigus ló mú mi, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń gbógun ti awọ ara ẹni. Ìléròrò yọ sí mi lẹ́nu, ó ràn dé àyà àti ẹ̀yìn. Bó bá ti bẹ́, ojú ibẹ̀ á máa ta mí. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, ni apá rẹ̀ ká a. 60 mg ni dókítà awọ fi bẹ̀rẹ̀, hóró méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, torí 5 mg ni hóró kan.

Kí n tó gbé èyí àkọ́kọ́ mì, wọ́n wo ṣúgà àti ìfúnpá mi, wọ́n ya àwòrán àyà mi nítorí ikọ́ ife, wọ́n sì fún mi ní ivermectin nítorí aràn kan tó ń jẹ́ Strongyloides. Aràn yìí lè sá pamọ́ sínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí sítẹ́rọ́ọ̀dù bá wá sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára, á gbilẹ̀, ó sì lè pani. Ẹni tí wọn ò bá ṣe èyí fún, kó béèrè.

Àárọ̀ ni mo ń lò ó, lẹ́yìn ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, torí àárọ̀ ni ara fúnra rẹ̀ ń tú cortisol, sítẹ́rọ́ọ̀dù tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, jáde jù. Ẹni tó bá lò ó lálẹ́, oorun lè dá lójú rẹ̀. Ebi ń pa mí gan-an. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo fi ń yó, mo dín ẹ̀bà, iyọ̀ àti magí kù. Ọ̀sán ni mo ń wọn ṣúgà, torí ìgbà yẹn ni oògùn àárọ̀ máa ń gbé e sókè. Mo ń lo kálísíọ̀mù àti fítámì D fún egungun, mo sì ń lọ fi ojú han dókítà ojú. Diclofenac tí wọ́n ń lò fún ara ríro ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn án, torí òun àti prednisolone lè dá ọgbẹ́ inú síni lára.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ojú mi rí rogodo. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi pé, “Ẹ ti sanra o, ara yín ti dá!” Ó ń dùn mí. Torí irú èyí làwọn kan fi ń já oògùn náà sílẹ̀ lójijì, ewu ńlá sì ni. Bí ara bá ti ń rí i gbà láti ìta fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹ̀yà kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, tó ń ṣe cortisol, á dẹwọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá já a, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀, kó máa bì, kó sì dákú.

Dókítà fi azathioprine, oògùn mìíràn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, kún un. Ìgbà tí ìléròrò tuntun ò yọ mọ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í dín in, a ń yọ hóró kan, a sì ń ṣọ́ awọ ara ká tó yọ òmíràn. Nígbà tó ku 5 mg, ìdajì hóró la ń yọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láàárọ̀ kùtù ló fi hàn pé cortisol tèmi ti padà, ká tó dá a dúró pátápátá. Káàdì tó sọ pé mo lo sítẹ́rọ́ọ̀dù ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi; bí iṣẹ́ abẹ tàbí ìjàǹbá bá dé láàárín ọdún kan, dókítà tó bá gbà mí gbọ́dọ̀ mọ̀.