Bí a ṣe ń dábàá àtúnṣe fún ìkànnì àwọn tó ń kọ kóòdù, tí wọn ò fi ní dà á nù

Ẹni tó bá ti ń kọ kóòdù fúngbà díẹ̀ á ti rí ohun kan lórí Stack Overflow (ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kóòdù) tàbí MDN (àkọsílẹ̀ ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń kọ kóòdù ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì) tó bí i nínú, á sì ti wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí wọn ò tún ibí yìí ṣe?" Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn tó ni ìkànnì ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo máa ń ka àwọn àbá yìí déédéé, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ̀ ló mọ́gbọ́n dání. Ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́ ni ò dáa. Stack Overflow ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun la mọ̀ jù.

Ilẹ̀kùn tó yẹ kẹ́ ẹ kàn

Jeff Atwood àti Joel Spolsky ló dá Stack Overflow sílẹ̀ lọ́dún 2008. Orí UserVoice, ìkànnì mìíràn tó wà fún gbígba àbá, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gba àbá, kí wọ́n tó ṣí Meta, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìkànnì náà fúnra rẹ̀, lọ́dún 2009. Láti 2014, Meta di méjì: Meta Stack Overflow fún ohun tó kan Stack Overflow nìkan, Meta Stack Exchange fún ohun tó kan gbogbo ìkànnì tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá lọ kọ àbá yín síbi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kóòdù, wọ́n á tì í kí omi tẹ́ ẹ gbé kaná tó hó. Reputation (máàkì tí ìbò àwọn èèyàn ń fún yín) 5 lẹ nílò kẹ́ ẹ tó lè kọ nǹkan sórí Meta Stack Overflow. Ìdáhùn kan tó bá rí ìbò kan gbà á fún yín ní 10, nítorí náà kò yẹ kíyẹn dí yín lọ́wọ́.

MDN yàtọ̀. Láti December 2020, orí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, ni àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì wà. Tó bá jẹ́ àṣìṣe lẹ́tà tàbí àpẹẹrẹ kóòdù tí kò ṣiṣẹ́ lẹ rí, ẹ má dábàá ohunkóhun. Ẹ tẹ ìjápọ̀ GitHub tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé, ẹ tún un ṣe fúnra yín, kẹ́ ẹ sì fi pull request (ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àtúnṣe yín wọlé) ránṣẹ́. Kéèyàn máa dábàá lórí kọ́mà kan ṣoṣo, ìfàkókòṣòfò ni.

Ẹ wò ó bóyá ẹlòmíì ti sọ ọ́

Wọ́n ti sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọn ò tíì sọ. Google ni mo máa ń lò, màá kọ site:meta.stackoverflow.com mọ́ ohun tí mo ń wá. Ẹ fi bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wá a, torí ohun tẹ́yin pè ní dark mode, ẹlòmíì á pè é ní dark theme, ẹlòmíì á ní night mode. (Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn o, kó tó dé ní March 2020.)

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wo tag (ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n fi ṣàmì sí i) tó wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ status-completed, wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ status-bydesign, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ status-declined, wọ́n ti kọ̀ ọ́, ẹ ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó lanu. Bí kò bá sí ìkankan lára rẹ̀, ẹ dìbò fún un, kẹ́ ẹ fi mọ síbẹ̀.

Ibi tó ń dùn yín lẹ máa kọ

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣubú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn á já wọ Meta bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, tó ń pariwo pé oògùn pupa lòun fẹ́ rà, tí kò sọ ibi tó ń dùn ún. "Ẹ fi bọ́tìnì kan síbẹ̀." "Ẹ yọ èyí kúrò." Kí ni bọ́tìnì náà fẹ́ ṣe? Wọn ò ní sọ. Àwọn tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í bá bọ́tìnì jà, ọ̀rọ̀ gidi á sì kú síbẹ̀.

Ẹ wo àbá kan tó ti gbó lórí Meta: pé kí wọ́n fi dandan mú ẹni tó bá fún ìbéèrè ní downvote (ìbò tó ń sọ pé kò dáa) kó sọ ìdí rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ẹlòmíì fi ń tún un gbé wá, wọn ò sì gbà á rí. Ẹni tí wọ́n bá fi dandan mú á kàn tẹ "asdfgh" síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì kọ òótọ́, ẹni tí inú ń bí á tọ̀ ọ́ lọ sórí ìbéèrè tiẹ̀, á fi downvote gbẹ̀san. Yàtọ̀ síyẹn, ìbò ò wà nítorí ẹni tó béèrè nìkan. Àwọn tó ń bọ̀ wá kà á lọ́la ló wà fún jù, kí wọ́n lè mọ èyí tó wúlò.

Àmọ́ ohun kan wà lábẹ́ àbá yẹn tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀: ẹni tuntun béèrè ìbéèrè, downvote mẹ́ta bà lé e, kò sì mọ ohun tó yẹ kóun tún ṣe. Ká ní òun lẹ kọ, tẹ́ ẹ fi ìbéèrè gidi méjì mẹ́ta tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n, ẹlòmíì lè rí ọ̀nà àbáyọ tẹ́yin ò ronú kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ wa. Ká sọ pé ẹ wá ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọlá lórí ìkànnì kan, kò sì jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Aláìnísùúrù á kọ ọ́ pé: "Ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí ìkànnì yín." Wọ́n á ní kó lọ gbé e sórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà ọ: ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1ECD nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà), ó sì lè jẹ́ o lásán tí wọ́n lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́, U+0323. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra rárá. Kíbọọ̀dù Ọlá fi èyí kọ orúkọ rẹ̀, tiyín fi ìyẹn wá a, wọn ò lè pàdé láéláé. Tó bá wá kan ọ̀ tàbí ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí, kò tiẹ̀ sí èyí tó jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, dandan ni kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: JavaScript, èdè kóòdù tí ìkànnì ń lò, ti ní normalize(), tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan náà, láti ES2015, ẹ̀dà rẹ̀ ti 2015. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "orúkọ kan náà, ọ̀nà méjì, ọ̀kan jáde, èkejì ò jáde", tó sì lẹ méjèèjì síbẹ̀, kò ní láti mọ normalize rárá. Ẹni tó máa tún un ṣe á ti mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe ń tò ó rèé: ohun tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo tẹ̀, ohun tí mo rí, ohun tí mo rò pé màá rí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń fi ojútùú tèmi sí, gbólóhùn méjì péré, màá sì sọ pé ó lè má jẹ́ òun ló dáa jù. Àbá kan, ojú ewé kan. Ẹ má kó mẹ́ta pọ̀, torí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀kan tó sì kórìíra méjì á fi ìbò kan ṣoṣo pa gbogbo ẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti kà léèwọ̀. "Ìlà kóòdù kan péré ni" lèkíní. Ẹ ò rí kóòdù wọn rí, kí lẹ fi mọ̀? "Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ" lèkejì. Ẹ̀kẹta ni "àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá fi ìkànnì yín sílẹ̀". Wọ́n á ní ó dàbọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ChatGPT bá yín kọ ọ́. Ìkànnì tó fòfin de ìdáhùn ChatGPT láti December 2022 ni Stack Overflow, ojú àwọn ará ibẹ̀ ti là sí i. Gẹ̀ẹ́sì ṣákálá tó jẹ́ tiyín sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí

Ẹ ṣí fèrèsé àdáni nínú bíráúsà, kẹ́ ẹ tún gbogbo ìgbésẹ̀ náà gbé látòkèdélẹ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí, irinṣẹ́ tó ń dí ìpolówó lórí bíráúsà tiwọn ló fà á. Ẹ kọ orúkọ bíráúsà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ẹ gé ibi tí ímeèlì yín bá ti hàn kúrò, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ fa òbìrípo pupa yí ibi tó ń dà yín láàmú ká. Kó wọ́ o, kó má gún régé. Àwọn ará Meta fẹ́ràn òbìrípo wọ́gọwọ̀gọ yẹn dénú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi bó ṣe yẹ kó rí hàn, ẹ má ra nǹkan kan, ẹ má sì lọ kọ́ Figma, irinṣẹ́ fún yíya àwòrán ojú ewé, nítorí ẹ̀. Ẹ tẹ F12, tó ń ṣí irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù nínú bíráúsà, ẹ yí ọ̀rọ̀ tàbí àwọ̀ ojú ewé náà padà níbẹ̀, kẹ́ ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nítòsí, kó fi báírò yà á sórí ìwé, kó fi fóònù ya ìwé náà. Tó bá jẹ́ pé ojú ewé ń falẹ̀ lẹ fẹ́ sọ, ẹ lo ibi Network lábẹ́ F12 kan náà, ẹ yan 3G, kẹ́ ẹ lè fi iye ìṣẹ́jú àáyá hàn ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ kì í ṣẹ́jú.

Fífi ránṣẹ́

Tag feature-request fún àbá, bug fún ohun tó bàjẹ́, discussion tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lẹ ń wá, support tẹ́ ẹ bá kàn ń béèrè bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí àkọlé jẹ́ gbólóhùn tó dá dúró. Ẹ má fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ Friday. Àárọ̀ Tuesday ni tèmi.

Downvote á wá. Lórí Meta Stack Overflow, ohun tó túmọ̀ sí ni pé "mi ò fara mọ́ ọn", kò sì ní yọ nǹkan kan nínú reputation yín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bẹ́nì kan bá ní àbá yín ò yé òun, ẹ padà lọ tún inú rẹ̀ kọ, torí ẹni tó máa dé lọ́la ò ní ka àlàyé tẹ́ ẹ ṣe nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi status-completed sí i lọ́jọ́ kan, ẹ tún dán gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ níbẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù. Bí kò bá tíì rí bó ṣe yẹ, ojú ewé tuntun lẹ máa ṣí, tag bug, kẹ́ ẹ fi ìjápọ̀ ti àtijọ́ síbẹ̀.