Bí A Ṣe Lè Fi Ìgbésí Ayé Ọmọ Ogun Tó Jẹ́ Ayàwòrán Kọ́ Ìtàn Sànmánì Ìjà Òmìnira

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kábà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lóye bí ayé ṣe dojú rú láàárín 1775 sí 1825 kò gbọdọ̀ fi orúkọ ọba àti ọjọ́ ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ni kí ó mú, kí ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. John Trumbull, ará Connecticut ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1756 tó sì kú ní 1843, ni èmi yóò mú, nítorí pé ó gbé ìbọn, ó kun ọ̀dà, ó sì mọ púpọ̀ nínú àwọn tó ya àwòrán wọn lójúkojú.

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé kan. Apá kan wà fún ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, apá kejì fún ohun tí wọ́n ròyìn fún un. Nígbà ìjà Bunker Hill ní oṣù Kẹfà 1775, nínú ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Roxbury ni Trumbull wà, ní òdìkejì Boston, èéfín àti ìró àgbá nìkan ló sì kàn án. Síbẹ̀, àwòrán ikú Warren, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, tó yà ní 1786 gbé wa sí àárín ìjà náà gan-an. Nínú rẹ̀, John Small, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, na ọwọ́ láti dá ọmọ ogun tirẹ̀ dúró kí ó má baà gún Warren tó ń kú lọ. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi bu ọlá fún ọ̀tá báyìí. Ìdáhùn wà nínú ibi iṣẹ́ rẹ̀: London ló ti yà á, lọ́dọ̀ Benjamin West, ayàwòrán ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n ní 1780 fún nǹkan bí oṣù méje, lẹ́yìn tí àwọn ará Amẹ́ríkà so John André, amí Gẹ̀ẹ́sì, kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo igun àwòrán ikú Warren náà. Lẹ́yìn Grosvenor, ọ̀gá ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, ní ìkangun apá ọ̀tún, ọkùnrin adúláwọ̀ kan dúró pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀nà aláwọ̀ ni kí ẹ fi tẹ àwòrán yìí jáde, torí ẹ̀dà aláwọ̀ dúdú àti funfun máa ń gbé ọkùnrin náà mì. Nínú àwòrán George Washington tí Trumbull yà ní 1780, William Lee, ẹrú Washington, wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹṣin, ó wé láwàní. Ọ̀gá tó ń jà fún òmìnira ló ni ẹrú. Ẹ má ṣe yára kọjá lórí èyí.

Àwòrán rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, èyí tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà láti 1826, fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ó sì ga tó 12. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọjọ́ ìfọwọ́sí ìwé òmìnira ló fi hàn. Rárá o: ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1776 ni, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún gbé àkọsílẹ̀ náà kalẹ̀. Thomas Jefferson, ẹni tó kọ ìwé òmìnira náà, ló fọwọ́ ya bí yàrá ìpàdé náà ṣe rí fún Trumbull ní Paris ní 1786, láti inú ìrántí. Èyí náà, apá kejì ìwé yín ni ipò rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ fa ìlà ọdún kan tó gba ilé wa kọjá. Ní 1804, Haiti di òmìnira lẹ́yìn ogun àwọn ẹrú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1791. Ọdún kan náà ni jìhádì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀, èyí tó bí agbára Bídà tí àwọn ọmọ ogun Núpé fi kó àwọn ènìyàn Ọ̀kun lẹ́rú títí di oṣù Kìíní 1897 tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ ìṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, lé wọn kúrò ní Kábà. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn bàbá àti ìyá àgbà, kí wọ́n kí wọn ní Ọ̀kún o, kí wọ́n béèrè orí òkè tí àwọn ènìyàn sá sí. Kí wọ́n sì béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ sí apá tó yẹ nínú ìwé.